Páásíwọ́ọ̀dù Bàbá Ilé Wa

Bí ẹ bá dé ìkóríta Arámọkọ níbi tí takisí Ẹ̀fọ̀n ti ń kérò, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù Káyọ̀dé onífóònù. Káyọ̀dé mọ gbogbo nǹkan tán, ó sì tún mọ díẹ̀ lé e. Fóònù tí wọ́n ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀, á gbé e sétí, á ní òun ń gbọ́ ọ tó ń mí. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọ̀kadà gbé Màmá Bọ́láwálé wá láti Ìlogbò, ó já a sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Aṣọ òkè ló wọ̀. Ó di fóònù tuntun mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di èyí tó ti jóná mú lọ́wọ́ òsì.

"Káyọ̀dé, ọmọ mi, gbà mí o!"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jókòó. Kí ló pa eléyìí?"

"Gààrí ni mò ń yan. Mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí, mò ń bá ìyá ìjọ wa sọ̀rọ̀, ló bá yọ̀ bọ́ sínú agbada. Kí n tó rí i yọ, ó ti dún pàù!"

Káyọ̀dé gbọn fóònù náà sọ́wọ́. Gààrí díẹ̀ dà jáde nínú rẹ̀. Ó jù ú sẹ́nu.

"Ó yan dáadáa."

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bọ́láwálé ń sọ ọmọ lórúkọ lónìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Aago méjìlá ọ̀sán. Ọmọ tí a ti ń fi omijé tọrọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́! Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi orúkọ pe ọmọ náà kí ohùn tèmi tó pè é. Gbogbo wọn á dúró, wọ́n á máa wo ojú fóònù, wọ́n á máa retí mi. Bí mi ò bá wá yọjú ńkọ́?"

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀. Káyọ̀dé fi ẹ̀rín sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n."

"Nọ́ńbà wọn wà nínú agbada."

"Kò síbòmíì tí nọ́ńbà wà?"

"Inú ímeèlì ni Bọ́láwálé fi gbogbo rẹ̀ sí. Líǹkì tí a máa tẹ̀ ká tó lè bá wọn níbẹ̀, inú ímeèlì náà ló wà. Mo ti ra fóònù tuntun. Ó kù kó o ṣí ímeèlì fún mi."

"Ìyẹn náà lẹ fi ń gbọ̀n? Kí ẹ tó sín, mo ti ṣí i. Kí ni páásíwọ́ọ̀dù yín?"

Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Orúkọ ẹni tó bí ọkọ mi ni."

"Ó dáa. Kí lorúkọ wọn?"

"Mo ti sọ fún ọ."

"Ẹ ò tíì sọ, Màmá. Ẹ ní orúkọ ẹni tó bí ọkọ yín ni."

"Òun náà ni."

"Orúkọ wọn gan-an ni mò ń béèrè."

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Káyọ̀dé! Ṣé níbi tí wọ́n ti bí ọ, ìyàwó ilé máa ń la ẹnu pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ ni? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ulé wọn, mi ò pè é rí. Bàbá kú, mi ò pè é. Ọkọ mi náà kú, mi ò pè é. Ṣé torí fóònù ni mo máa wá pè é?"

Káyọ̀dé rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí òun ṣe rò. Ó na fóònù sí i.

"Ẹ má pè é nígbà náà. Ẹ gbà, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Màmá fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni pé iná ni wọ́n nà sí i. "Kí n máa fi ìka gún bàbá ọkọ mi lójú, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn?"

"Ẹ kọ ọ́ sórí pépà."

"Kí wọ́n fi wé àkàrà lọ́la?"

"Ta ló wá tẹ̀ ẹ́ sórí èyí tó jóná?"

"Bọ́láwálé ni, nígbà tó wálé. Bàbá-ńlá tirẹ̀ ni, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà, fóònù ò béèrè mọ́."

"Ẹ̀yin náà! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mú orúkọ tẹ́ ẹ ò lè pè?"

"Bọ́láwálé ló ní, 'Màmá, ẹ mú ọ̀rọ̀ kan tẹ́ ẹ ò ní í sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan.' Mo rò ó títí. Ọ̀rọ̀ wo ni mi ò ní í sọ láéláé? Mo mú u."

Káyọ̀dé mi orí. Látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ fóònù, kò tíì rí ẹ̀ṣọ́ tó le tó báyìí.

"Àwọn olè kan tiẹ̀ pè mí lọ́jọ́ kan," Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "wọ́n ní àwọn ni báńkì, kí n pe páásíwọ́ọ̀dù mi. Mo ní orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni. Ọ̀gbẹ́ni náà bẹ̀ mí títí, ohùn rẹ̀ há. Mo ṣàlàyé fún un pé mo dé bá wọn nílé ni. Ó bá fi ìbínú pa fóònù."

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ kẹ̀? Ṣé ti báńkì tún yàtọ̀ ni?"

"Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n! Bọ́láwálé ní a kì í fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ti gbogbo yàrá. Bàbá ọkọ mi ló ń ṣọ́ ímeèlì, torí kì í tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Àǹtí Adúmáadán ló ń ṣọ́ báńkì. Obìnrin yẹn ò yá ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ títí tó fi kú. Bọ̀dá Akọ̀wé ló ń ṣọ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Gbogbo ulé ọkọ mi ló wà lẹ́nu uṣẹ́."

"Adúmáadán. Ká tẹ ìyẹn wò."

"Orúkọ tí èmi fi ń pè wọ́n nìyẹn. Fóònù ò mọ̀ ọ́n."

Káyọ̀dé mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ kó wàhálà bá ara yín. Èmi tẹ́ ẹ rí yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe gbogbo tèmi."

"Kí ni?"

"Káyọ̀dé Ọba. Ẹ kàn lẹ̀ ẹ́ pọ̀."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi ọ́."

Ikọ́ gbé Káyọ̀dé. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó wo aago ara ògiri, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Ẹ ṣàpèjúwe Bàbá fún mi, mo máa dá orúkọ náà mọ̀. Ojú kan ni mo fi ń mọ orúkọ èèyàn."

"Ó ga, ó dúdú, ó ń gbin uṣu. Kì í bínú. Ewúrẹ́ á jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, á ní ebi ló ń pa á. Gbogbo Ìlogbò ń pè é ní Bàbá Onísùúrù."

"Sùúrù! Ó tán." Káyọ̀dé tẹ̀ ẹ́. Fóònù gbọ̀n rìrì, ó kọ̀.

"Kò lè gbà á," ni Màmá wí. "Ìnagijẹ ni."

"Ẹ sì ń wò mí kí n tó tẹ̀ ẹ́?"

"O ní ojú kan lo fi ń mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Àgbẹ̀, àgbà, ará Ìlogbò. Fádípẹ̀ ni!" Kò dúró gbọ́ ìdáhùn tó fi tẹ̀ ẹ́. Fóònù tún kọ̀.

Màmá dìde dúró. "Fádípẹ̀! Bàbá tó fi orí ara rẹ̀ ru bíríkì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa! Inú Bíbélì ni orúkọ rẹ̀ ti wá."

"Yéè. Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Màmá. Bíbélì ò yé mi tó bẹ́ẹ̀."

"Ó máa yé ọ. Ṣé o mọ àwọn amí tí Mósè rán lọ wo ilẹ̀ Kénáánì?"

"Wọn ò gbé fóònù wá sọ́dọ̀ mi rí."

"Ẹ̀rù ba gbogbo wọn, àfi àwọn méjì. Jóṣúà ọmọ Núnì, àti Bàbá Ilé Wa ọmọ Jéfúnè."

"Bàbá Ilé Wa wà nínú Bíbélì?"

"Bí èmi ṣe ń kà á nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ìsìn àárọ̀, bí mo ṣe kà á nìyẹn. Àlùfáà wò mí, mo wo àlùfáà. Gbogbo ìyàwó ulé wa ní, 'Àmín!'"

"Ó yé mi wàyí. Mósè ni!"

"Mósè ló rán wọn níṣẹ́!"

Ọ̀rọ̀ pẹ́ jáde, ìka Káyọ̀dé ti tẹ̀ ẹ́. Fóònù gbọ̀n, ó sì kọ nǹkan pupa sójú. Káyọ̀dé kà á, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Bí a bá tún ṣì í, ó di ọ̀la."

Màmá rọra jókòó. Ó fa etí ìborùn rẹ̀, ó fi nu ojú. "Wọ́n á ti gbé oyin àti iyọ̀ kalẹ̀ báyìí. Bọ́láwálé á máa sọ fún wọn pé, 'Ẹ ní sùúrù, ìyá mi ń bọ̀.'"

Àánú Màmá ṣe Káyọ̀dé dé egungun. Ojú tì í pẹ̀lú, torí ìkánjú òun ló jẹ gbogbo ààyè náà tán. Ó gbé fóònù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Wọn kò gbọ́ irú gbólóhùn yẹn ní ṣọ́ọ̀bù náà rí. Ṣùgbọ́n bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ tán, ọgbọ́n wọlé. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ lápò.

"Ẹ jẹ́ kí n bi íńtánẹ́ẹ̀tì. Jóṣúà àti ta ni?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣe dáadáa. Káyọ̀dé gun orí bẹ́ǹṣì, ó na fóònù sókè.

"Ó ń yí o. Ó ṣì ń yí. Ó dé! Kálébù!"

Gbì! Káyọ̀dé wẹ̀yìn. Màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Màmá! Ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Mi ò ṣubú. Ṣe ohun tó ò ń ṣe." Ó di tábìlì mú, ó dìde.

"Ṣé Kálébù náà ni?"

Gbì! "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Ẹ kàn dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé Kálé..."

"Káyọ̀dé, orúnkún mi! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé mi délé ni?"

Ó ti yé Káyọ̀dé. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka, ó sì dáwọ́ dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ó béèrè.

"Ṣé nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀?"

"Iye ìyàwó tó ní ni. Mẹ́ta. Kó tó di onígbàgbọ́ ni o."

"Ìyẹn ò léèwọ̀?"

"Ìyẹn, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n."

Káyọ̀dé tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ímeèlì ṣí gbayawu. Ó rí líǹkì, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú fóònù ṣókùnkùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kún fún èèyàn, gèlè lórí gèlè, Bọ́láwálé láàárín wọn tó ń ké pé màmá òun ti dé. Wọ́n hó yèè. Ó gbé ọmọ náà sókè kí Màmá lè rí i. Ó ní kí gbogbo ilé dákẹ́. Ó ní orúkọ bàbá-ńlá òun ni ọmọ náà máa jẹ́, Kálébù, kí Màmá kọ́kọ́ pè é kí ọmọ gbọ́.

Màmá ti kúnlẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ tán. Káyọ̀dé, tó di fóònù mú fún un, kúnlẹ̀ tẹ̀lé e kí ojú rẹ̀ má baà jáde nínú àwòrán. Màmá la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún la á.

"Màmá," Káyọ̀dé sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ ọwọ́ ni. Kò tíì tó bàbá ọkọ."

"Ta ló sọ fún ọ pé kò tó o? Wo iwájú orí rẹ̀. Òun ló padà wá yìí." Omijé ti ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí fóònù, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn awakọ̀ takisí yíjú padà. "Bàbá Ilé Wa! Ọkọ mi! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé, ṣùgbọ́n ẹ káàbọ̀!"

Ọmọ náà yán gààrà. Lọ́ńdọ̀nù hó, Arámọkọ hó. Káyọ̀dé yíjú sí ògiri, ó ń wá nǹkan tí kò sọ nù.

Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà tán tí ojú fóònù sì padà dúdú, Káyọ̀dé fọn imú, ó sì tún di ọ̀gá.

"Ẹ kú oríire, Màmá. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bọ́láwálé ti pariwo páásíwọ́ọ̀dù yín sétí gbogbo ayé. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kíá."

"Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi." Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó jókòó, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. "Èyí ò le rárá. Fi orúkọ ìyá ọkọ mi sí i."