Ẹja Ọ̀kẹ́ Méjì

Ohun tí Ọlákúnlé mọ̀ pọ̀. Èyí tó yé e nínú rẹ̀ ni kò tó nǹkan. Àdá, ọkọ́, ọ̀bẹ àti àgádágodo ló ń tà lẹ́bàá títì ní Òkukù. Mofolúwakẹ́ ìyàwó rẹ̀ kó ọ̀kẹ́ méjì náírà lé e lọ́wọ́ pé kó lọ ra àdá wá ní Ìkìrun kí òjò tó dé. Ó dé Ìkìrun, ó pàdé ọkùnrin kan tó ń ṣí àpótí kékeré kan, ó sì fi gbogbo owó náà ra ọ̀bẹ kan ṣoṣo: ọ̀bẹ àpò tí wọ́n ṣe bí ẹja, tó máa ń ká wọ inú ara rẹ̀. Ó purọ́ fún ìyàwó pé àdá wà lọ́nà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tirẹ̀ kò tíì ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Ìyàwó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìbà, òní ni yóò sì dé. Àfi kí ẹja di owó, kí owó di àdá, kó tó wọlé.

Láàárọ̀ yẹn ni Ìyá Keziah, tó ń ta ọsàn ní Ìnísà, ru agbọ̀n rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ọlákúnlé, o kú ọjà o. Ọ̀bẹ tí mo fi ń bó ọsàn ti sọnù. Bá mi wá òmíràn."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá! Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi lónìí, ẹ ò sì ní bà mí lọ́jà jẹ́. Orí ló rán yín wá." Ó fa ẹja náà yọ lápò, ó ń kọ mànà.

"Ẹja?"

"Ọ̀bẹ ni, Màmá."

"Mo rí ipẹ́. Mo rí ìrù. Mo rí ojú. Kí ló fẹ́ fi ojú rí?"

"Abẹ́rẹ́ kan ló wà nínú ojú yẹn. Apá àríwá ló máa ń fi hàn. Bí ẹ bá sọnù, òun ló máa júwe ilé fún yín."

"Láti Ìnísà sí Òkukù? Títì kan ṣoṣo ni! Bí mo bá sọnù lórí ẹ̀, ẹ má wá mi. Ẹ kàn pín ọsàn mi."

Ọlákúnlé káàánú rẹ̀ nínú, ó ní àwọn àgbà yìí ò mọ nǹkan tó dáa. "Ẹ wo ìrù ẹ̀. Òun la fi ń ṣí ìgò bíà."

"Aládùúrà ni mí."

"Ìgò mínírà ńkọ́?"

"Eyín mi ni mo fi ń ṣí ìyẹn."

"Eyín! Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ wo eyín ẹja yìí. Ẹ fà á jáde báyìí, ẹ fi tayín."

"Ta ló fi tayín kẹ́yìn?"

"Kò sẹ́ni tó fi tayín rí. Tuntun ni." Ọlákúnlé sì fi ahọ́n kan eyín ara rẹ̀, nítorí òun ti fi tayín láàárọ̀.

"Èló ni?"

"Fọ́tì-fáìfù taosàn."

Ìyá Keziah sọ agbọ̀n kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Tútù ni àbí gbígbẹ?"

"Màmá, ẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mo ń ná an ni. Wọ́n máa ń ná ẹja."

"Irin gidi ni! Kì í dípẹtà. Bí ẹ bá kú, ọmọ-ọmọ yín á ṣì máa lò ó."

"Ọ̀bẹ ni mo ní kí o tà fún mi, ikú lo ń pè lé mi."

"Ẹ ò ní kú, Màmá."

"Àmín. Ó mọ àríwá, ó mọ bíà, ó mọ eyín. Ṣé ó mọ ọsàn?" Ó ju ọsàn kan sí i.

Ẹni tó ń bó ọsàn tà mọ̀ pé èèpo gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ bí okùn, kí funfun ara rẹ̀ má gbọgbẹ́. Ọsàn tó bá ti ń sunkún, kò sẹ́ni tó ń rà á. Ọlákúnlé ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Àmọ́ ikùn ẹja náà tóbi, kò jẹ́ kí ọwọ́ mọ ibi tí ẹnu ọ̀bẹ wà. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, èèpo ò mira. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ìdajì ọsàn já bọ́ sílẹ̀, omi rẹ̀ ta sí i lójú.

"O bó o ni, àbí o dú u?"

"Ọsàn yín ló rọ̀ jù!"

"Ṣe pẹ̀lẹ́, ó ní ẹbí nínú agbọ̀n."

Màmá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ onígi dúdú kan nínú ọjà Ọlákúnlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn mìíràn láìwò ó. "Pákó tó o máa ń to àdá sí ti ṣófo. Òjò ti fẹ́ dé. Àdá dà?"

"Ó wà lọ́nà."

"Kò lójú tó ń fi àríwá hàn ni? Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé òun ti kó owó ẹ̀ fún ẹ."

Èèpo já bọ́ lódidi. Ojú ti Ọlákúnlé, ẹ̀rù sì bà á ju ojú tó tì í lọ.

"Màmá, ẹ gbà á ní fọ́tì. Ẹ gbà á ní tátì-fáìfù! Ẹ gbà mí!"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́."

Ẹgbẹ̀fà náírà ni. Ta ló máa kọ owó ẹni àkọ́kọ́? Ọlákúnlé gbà á, ó fi kan iwájú orí, ó fi gbá ọjà káàkiri bí wọ́n ṣe ń ṣe.

"Èènì mi dà?"

"Èènì lórí ọ̀bẹ, Màmá?"

"Bí o bá ra ọsàn márùn-ún lọ́wọ́ mi, mélòó lo ń kó lọ sílé?"

"Mẹ́fà."

"Ẹn-ẹ́n."

Ọ̀kadà dúró níta. Ohùn Mofolúwakẹ́ ni, ó ń kí àwọn aládùúgbò. Ọlákúnlé gbá ẹja náà mú pé kó ká a padà sápò. Ẹja kọ̀, kò ká. Ó tẹ ìrù, eyín yọ. Ó tẹ eyín, lẹbẹ nà. Ló bá rì í mọ́ abẹ́ ọsàn nínú agbọ̀n.

"Ẹ máa lọ, Màmá! Ẹ máa gbé e lọ!"

Màmá wo agbọ̀n, ó wo Ọlákúnlé. "Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ọlọ́run á fi èènì sí ayé rẹ." Ó gbé agbọ̀n ka orí.

Ẹnu ọ̀nà ni òun àti Mofolúwakẹ́ ti pàdé.

"Ẹ kú ọjà, Màmá. Bàbá Dàmọ́lá, àdá ti dé?"

Ọlákúnlé ki ọsàn tí Màmá bó sílẹ̀ bọ ẹnu. Ìyá Keziah bá a dáhùn.

"Àdá ti di ẹja, ọmọ mi. Ẹja náà ló fi ṣe èènì fún mi yìí."