Ìjókòó Gbígbóná tí Oyèládùn Ṣe fún Ìyá Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọkọ̀ ló fà á.

Ní Ìgbájọ, níbi tí ọyẹ́ ti ń géni jẹ bí ajá, Oyèládùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù nídìí iṣẹ́ rẹwáyà, iṣẹ́ àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ìyá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ ta lọ́rẹ. Ó ra wáyà tó ń mú ìjókòó ọkọ̀ gbóná, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ tìmùtìmù ọkọ̀ ìyá tí wọ́n gbé sábẹ́ igi máńgòrò, kí ọyẹ́ má baà máa yọ ìyá lẹ́nu ní ìbàdí mọ́.

Orí ìyá wú. Bàbá Abẹ́gúnrìn, aládùúgbò wọn tó ń ronú àtigbé ọkọ̀ tirẹ̀ fún Oyè, ti wá dúró wòran. Ìyá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ohun yòówù kó dé, n kò ní dójú ti ọmọ mi."

Ó jókòó. Ìjókòó náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún ọmọ. Kí ìre tó dé àmín, ìjókòó ti gbóná bí agbada àkàrà.

"Oyè, ó ti fẹ́ máa jó mi díẹ̀ o."

"Ẹ dìde kí n wò ó, Mọ́mì."

Ìyá dìde. Oyè fọwọ́ kàn án, ó ti ń tutù. Ìyá tún jókòó, iná!

"Oòrùn ni, Mọ́mì. Ewé máńgòrò yìí ló ti lu." Ó bá gun igi lọ, ó ń wá ihò tí oòrùn gbà wọlé.

"Ṣé o ti rí i?"

"N kò rí nǹkan kan o!"

"Èmi rí i!" Ni èéfín bá yọ lábẹ́ ìró. Ìyá tí kì í gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú fò jáde, ó fo kọ́tà, ó jókòó gbàmù sínú báàfù tí wọ́n rẹ aṣọ sí.

Oyè sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀. "Yéè!" Wáyà kan ló ti bó lábẹ́ tìmùtìmù: béèyàn bá jókòó, á kan èkejì, bó bá dìde, wọn á túra ká.

Ojú ti ọmọ náà. Ìyá na ọwọ́ sí i láti inú omi. "Má bara jẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi lọ́mọ tó rántí ìbàdí mi. Lọ dí wáyà tó bó yẹn."

Bàbá Abẹ́gúnrìn kò tíì pa ẹnu dé. "Ìyá Oyè, ẹ̀yin lẹ fo kọ́tà yẹn? Oyè, ọ̀la ni n ó gbé ọkọ̀ wá. Orúnkún ń dùn mí. Jọ̀ọ́, má tíì dí wáyà kankan nínú tèmi, kí èmi náà lè fò!"

Nígbà tí wọ́n bi Oyè pé kí ló rí lókè, ó ní, "Ewé ni."

Ẹ ò wá rí i? Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.