Abẹ́rẹ́ Mi àti Àdúrà Bàbá Bùnmi

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan láti ìgbà tí mo ti dé Padova ní Ítálì, àmọ́ Sọ́ńdè kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọjọ́ náà ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Vicenza, kí n lọ fojú kan òbí Bùnmi, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́.

Mo ní àtọ̀gbẹ. Bùnmi mọ̀, ó sì ti ní kí n sọ ọ́ fún bàbá òun kí a tó jẹun. Èmi ọlọ́gbọ́n ní rárá o! Ta ló máa fọmọ fún ẹni tó ń gún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́?

Bí ìyá Bùnmi ṣe ń gbé ìrẹsì sórí tábìlì, mo yọ́ wọ bagno, ilé ìwẹ̀ wọn, mo gún ínsúlín mi. Téèyàn bá ti gún un, oúnjẹ gbọ́dọ̀ tètè tẹ̀ lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣúgà ara á já wálẹ̀. Mo jókòó, mo mú ṣíbí. Bàbá ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Àdúrà kẹ̀! Wọ́n gbàdúrà fún ìrẹsì, fún ẹni tó gbìn ín, fún ẹni tó wa ọkọ̀ ojú irin tó gbé mi wá. Wọ́n sọdá sí Nàìjíríà, wọ́n ń dárúkọ ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó dé orí àwọn ará Abẹ́òkúta, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, òógùn ti bò mí. Ta ni mí tí màá fọwọ́ kan oúnjẹ nígbà tí àgbà ń gbàdúrà?

Bàbá lajú, wọ́n rí mi, inú wọn dùn. "Ẹ̀mí ti bà lé e!" Ni wọ́n bá tún mú àdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Papà, basta! È diabetico!" Bùnmi figbe ta, pé kí wọ́n dákẹ́, àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí.

Èmi ò dúró gbọ́ àmín. Mo gba ẹlẹ́rìndòdò iwájú Bàbá, mo dà á mu láì mí, mo gbé ife òfìfo padà fún wọn.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ ò ní fún mi lọ́mọ."

Bàbá ní, "Tó o bá wá kú sídìí tábìlì mi ńkọ́? Kí ni màá sọ fún ìyá ẹ?" Ojú tì mí gan-an. "Dìde jàre, máa jẹun. Ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà láàyè."

A ti ṣègbéyàwó báyìí. Mo ti kọ́gbọ́n: kí oúnjẹ tó dé ni mo ń sọ tẹnu mi. Bàbá náà á bi mí pé, "Ṣé o ti gún un?" Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, "Olúwa, a dúpẹ́, àmín" ni, ó parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ebi ń pa ìyá Bùnmi, wọ́n bá rọra sọ sí mi létí pé, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé o ti gún un." Ẹ̀rín pa mí. Mi ò tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rárá.