Ẹ̀rọ Omi Tí Wọ́n Fi Bírò Tún Ṣe

Ẹjọ́ kan rọra wọ ààfin Baálẹ̀ ní Kúje-Àmúwó láàárọ̀ àná. Bímpé ló gbé e wá láti Fẹ́sítákì, oyún oṣù mẹ́jọ níwájú rẹ̀, ìwé mẹ́rin tó já lára géètì àdúgbò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Òkè kẹta ni mò ń gbé. Ẹ̀rọ omi wa bàjẹ́ láti oṣù mẹ́rin. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, èmi ni mò ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi gun àtẹ̀gùn. Dókítà ní bí mo bá tún gbé ọ̀kan, orí àtẹ̀gùn ni mo máa bímọ sí. Bàbá Adédìran, akọ̀wé àdúgbò wa, ni mo pè lẹ́jọ́."

Akọ̀wé dìde. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n táì kò tíì fẹ̀yìn tì lọ́rùn rẹ̀.

"Baálẹ̀, mi ò káwọ́ gbera. Oṣooṣù ni mò ń lẹ ìwé mọ́ géètì. Ẹ gbọ́ tuntun: *The pump has been being repaired for four months.*"

"Ó dùn létí. Sọ ọ́ ní Yorùbá."

"Wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe láti oṣù mẹ́rin."

"Àwọn wo?"

Akọ̀wé tún táì ṣe. "Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, Baálẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ ìwé ìjọba, mi ò dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan rí. Bí ẹ bá dárúkọ ènìyàn, wọ́n á bi í léèrè. Bí ẹ bá dárúkọ oṣù, ta ló máa bi oṣù léèrè?"

"Iṣẹ́ wá ń ṣe ara rẹ̀?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, sà."

"Ẹ bá omi náà sọ̀rọ̀, Dadi," Bímpé ní, "kó máa gun òkè fúnra rẹ̀."

Wọ́n pe Waheed, púlọ́ńbà láti Agbójú.

"Ṣé wọ́n pè ọ́?"

"Wọ́n pè mí, Baba. Mo kà á lára géètì pé wọ́n ti pe púlọ́ńbà láti ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi nìkan sì ni púlọ́ńbà wọn. Mo bá lọ sílé, mo ń retí ìpè náà."

"O ò kúkú wọlé lọ tún un ṣe?"

"Ìwé kejì ní wọ́n ti ń tún un ṣe láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní wọ́n ti gba iṣẹ́ mi fún ẹlòmíì. Inú ṣì ń bí mi."

Olúfẹ́mi tó ń ṣọ́ géètì dá sí i: "Irọ́ ni! Ó wá lọ́jọ́ kẹrìnlá."

"Èmi? Tí mo wà ní Trade Fair látàárọ̀ ṣúlẹ̀! O rí mi?"

"Ìwé ní o wá. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i. Ojú mi méjèèjì kò ní òǹtẹ̀."

Ọ̀tún Baálẹ̀ fi abẹ̀bẹ̀ bojú. Bímpé kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ló ń ro ó, ó sì ń ronú omi alẹ́.

Baálẹ̀ kọjú sí akọ̀wé. "Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Mú bírò. Kọ ọ́ bó o ṣe mọ̀ ọ́n kọ: láti òní, wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà lọ fún Bímpé lókè kẹta láràárọ̀, títí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́."

Akọ̀wé kọ ọ́ tìdùnnú-tìdùnnú. Ó buwọ́ lù ú.

"Ó dára. Nínú ààfin yìí, ẹni tó bá buwọ́ lu ìwé ni 'wọ́n'. Lọ gbé kẹ́ẹ̀gì."

"Baálẹ̀! Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí!"

"Mo gbọ́. Má sáré gun àtẹ̀gùn."

Akọ̀wé fa fóònù yọ. Fóònù kan dún láàfin. "Waheed! Níbo lo wà?"

"Ẹ̀yìn yín, Dadi."

"Wá tún ẹ̀rọ omi ṣe! Ìwọ! Lónìí!"

Nígbà tí Waheed mú irinṣẹ́ dé Fẹ́sítákì láti Agbójú, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni iṣẹ́ náà gbà. Nígbà tí omi fi máa ya lẹ́nu ẹ̀rọ lókè kẹta, akọ̀wé ti dé ìdajì àtẹ̀gùn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì karùn-ún. Ó gbọ́ ìró omi, ó fẹ́ sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀.

Bímpé yọjú láti òkè. "Ẹ máa bọ̀, Dadi. Mẹ́fà lẹ buwọ́ lù."