Ọwọ́ Mẹ́fà Lórí Tábìlì Ìdánwò

Ta nínú yín ló mọ ilé tí wọ́n ti bí òwe tó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà? Ẹ má wo ojú ara yín. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri níbi ìpàdé ni, ẹ ó pa ìka pọ̀, ẹ ó máa mi orí bí ẹni tó wà níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Ilé wa ní Ìkìrun ni wọ́n ti bí i, nínú yàrá tó kọjú sí tèmi, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó ṣe kọ̀ǹpútà, ẹ bi í pé ta ló sọ fún un.

Èmi Rájí ni mò ń sọ̀rọ̀ o. Bàbá Wolé-wolé ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, nítorí ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń yẹ ìkòkò omi àwọn èèyàn wò fún ìjọba, bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. N kì í purọ́. Mo máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti òní yìí ò gba iyọ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni Wúràọlá, Ìyá Mofẹ́, ìyàwó káfíńtà tó ń gbé yàrá iwájú. Ó ti gba dípúlómà nínú ìmọ̀ ìṣirò owó láti ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí n ò ní dárúkọ, torí mo ṣì ń kọjá níwájú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n fi eérú fọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí àyè olórí ẹ̀ka bá ṣí sílẹ̀, ọmọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n máa ń gbé síbẹ̀, nítorí pé ọmọ náà ní dìgírì. Mẹ́ta ti kọjá lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ ṣeun mà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi," ó dìde, ó sì gbé fáìlì lé e lọ́wọ́ pé kó bá òun ṣe é. Nígbà tí Ìyá Mofẹ́ lọ bá ọ̀gá àgbà, èsì tó gbà ni pé, "Ìyá Mofẹ́, iṣẹ́ yín dáa, ìwé yín ló kúrú."

Ìwé yín ló kúrú! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí obìnrin lẹ́nu iṣẹ́! Kò sunkún níwájú wọn. Ó délé, ó dáná, ó fún ọkọ lóúnjẹ, lẹ́yìn náà ló wá wí fún gbogbo wa pé òun máa fa ìwé òun gùn, òkè òkun ni òun ó sì ti fà á gùn.

Ó rí yunifásítì kan ní Ìlú Ọba lórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn yẹn wo dípúlómà rẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n wò ó sósì, wọ́n ní ọdún kan àtààbọ̀ péré ló kù kó di dìgírì, kò sì ní láti kúrò ní Ìkìrun. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Ó ń kàwé nídìí ààrò. Ó ń kàwé bí Sìdí onídìrí, ayálégbé ẹ̀yìn, bá ń dirun fún un. Inú wa dùn, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí àlejò bá wọ ilé wa, kó tó jókòó la ó ti sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì òkè òkun ń bẹ láàárín wa. Èmi gan-an kì í sọ pé "ó fẹ́ ṣèdánwò." Ohun tí mo máa ń wí ni pé "a fẹ́ ṣèdánwò."

Ìdánwò kan ṣoṣo ló wá kù. Bó bá yege níbẹ̀, dìgírì dé. Bí wọ́n bá ká màgòmágó mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kò sì sí ìgbà kejì. Inú yàrá rẹ̀ ni yóò ti ṣe é níwájú kọ̀ǹpútà, òyìnbó obìnrin kan tó ń jẹ́ Mísíìsì Báàlò yóò sì máa ṣọ́ ọ láti Ìlú Ọba lọ́hùn-ún, láti ojú kékeré tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tó ku ọ̀la, Ìyá Mofẹ́ pè wá jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ka òfin fún wa.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, èmi náà ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n á ti máa rí i. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ní, "Ìyàwó mi, ká má tiẹ̀ kí ọ pé o kú iṣẹ́?"

"Ẹ má kí mi, Màámi."

"Fún wákàtí méjì gbáko?"

"Fún wákàtí méjì, Màámi. Bí mo bá ti jáde, ẹ kí mi títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Ìyá Àgbà pòṣé. Lójú tirẹ̀, ilé tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ tí wọn ò kí i, ilé ọ̀tá ni. Ṣùgbọ́n ó gbà, gbogbo wa gbà. Mo sì fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹnikẹ́ni ò rú òfin nínú wa. A ò sọ̀rọ̀. A ò wọlé, àfi ẹnì kan, ìyẹn náà ò sì wọlé, ó rá wọlé ni.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń dáa nínú yàrá ọ̀hún, ibẹ̀ ló wá gbé tábìlì sí. Fèrèsé náà sì kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a jókòó sí. Aago mẹ́wàá lù, ó bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tíì pé tí iná lọ. Kọ̀ǹpútà ní bátìrì, fáànù ò ní. A rí i tí òógùn ń ṣàn láti ọrùn rẹ̀ wọ inú aṣọ. Sìdí wò mí, mo wo Sìdí. Ó mú abẹ̀bẹ̀, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó sì ń fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò wọlé o. Ọwọ́ rẹ̀ ló wọlé, ọwọ́ kì í sì í ṣe èèyàn.

Nígbà tí Ìyá Àgbà rí i pé ọwọ́ lè wọlé, ó bu omi tútù sínú ife, ó nà án gba abẹ́ apá Sìdí. Apá Ìyá Àgbà ọ̀hún, wọ́n fín orúkọ ọkọ rẹ̀ sí i nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ÀJÀDÍ, gàdàgbà-gadagba. Ìyá Mofẹ́ ò lè lé e, òfin ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ó mi orí pé rárá. Ìyá Àgbà rò pé omi náà ni kò tutù tó, ó lọ pààrọ̀ rẹ̀, ó tún na ife padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló pààrọ̀ omi yẹn.

Tábìlì náà wá ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń mì láti ọdún mẹ́ta. Ilé káfíńtà ni, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Bàbá Mofẹ́ ti kan tábìlì fún ìdajì ìlú, tilé rẹ̀ ni kò tíì kàn. Bí Ìyá Mofẹ́ ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ tábìlì ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i. Ó dojú bolẹ̀, ó rá gba abẹ́ aṣọ ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó fi èkejì rọ̀ mọ́ etí tábìlì lókè kó má bàa dànù. Odindi wákàtí kan ló fi wà níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ọwọ́ tó kù ni tèmi. N ò ní purọ́, adìẹ náà, tèmi ni. Abo adìẹ kan báyìí tí ò gbọ́ràn. Ó fò láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bà sójú fèrèsé, ó yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó sì bọ́ sórí tábìlì. Mo mọ̀ pé bó bá fi lè ké, òfin ìdákẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo na ọwọ́ wàà, mo gbá a mú lẹ́sẹ̀, mo fà á jáde, mo sì fi ọwọ́ kejì di àgógó rẹ̀ kó tó rántí pé òun lóhùn. Ó ha mí lẹ́yìn ọwọ́ yánnayànna, n ò ké.

Aago méjìlá lù, ó parí. A dìde, a jó, a kí i ní gbogbo kíkí tí a ti gbé mì láti àárọ̀. Àṣé Mísíìsì Báàlò ń ka ọwọ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́tà dé lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo kà á síta, torí mo gbọ́ òyìnbó dáadáa: "A rí ọwọ́ mẹ́fà lórí tábìlì yín. A ti dá èsì yín dúró. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta yóò rí yín lórí kọ̀ǹpútà lọ́la. Bó bá hàn pé ẹnikẹ́ni fún yín ní ìdáhùn, ẹ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ́."

Ìyá Mofẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tú gèlè, ó kó o sí itan.

"Ọdún kan àtààbọ̀," ló wí. "N ò jí ìwé wò. N ò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ ti fi ọwọ́ yín já dìgírì gbà mọ́ mi lọ́wọ́."

Háà, ó dùn wá. Sìdí bú sẹ́kún. Ìyá Àgbà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo olè. Ojú tì mí débi pé mo lọ so adìẹ náà mọ́lẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù.

Bàbá Mofẹ́ ní, "Sọ fún wọn pé o ò mọ̀ wá. Sọ pé èrò ọ̀nà ni wá."

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá Mofẹ́, Àjàdí ni wọ́n fín sápá ìyá yín. Àjàdí náà ni mo kọ sórí ìdánwò. Ta ni kí n wá ní n ò mọ̀?"

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ jókòó: obìnrin méjì àti bàbá òyìnbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. A wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, à ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Bàbá náà ní, "Madam Àjàdí, ọwọ́ mélòó lẹ ní?"

"Méjì, sà."

"Ti ta wá ni mẹ́rin yòókù?"

"Ti àwọn èèyàn mi ni, sà."

"Kí ni wọ́n ń fún yín?"

"Ọ̀kan ń fún mi ní atẹ́gùn, sà. Ọ̀kan ń fún mi ní omi tí n ò mu. Ọ̀kan ń di tábìlì mú. Èyí tó kù wá mú adìẹ."

Àwọn obìnrin méjèèjì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó yá, bàbá náà ní kò sí ibi tí òun tíì gbọ́ ọ rí pé èèyàn ń ki ọwọ́ bọ ìdánwò ẹlòmíì lásán. Ó ní kí àwọn ọlọ́wọ́ wọlé.

A wọlé, a na ọwọ́. Wọ́n ní àwòrán lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí orúkọ Àjàdí lápá Ìyá Àgbà. Wọ́n rí gọ́ọ̀mù tó gbẹ mọ́ ìka káfíńtà. Mo fi ibi tí adìẹ ti ha mí hàn wọ́n kí wọ́n tó béèrè. Bàbá onírùngbọ̀n ní òun ò kọ̀, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá a gbọ́n tó ẹni tí í fúnni ní ìdáhùn. Ó kọjú sí Ìyá Àgbà, ó bi í ní ìbéèrè kan láti inú ìdánwò náà gan-an, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀: "Màmá, kí ni ohun tí èèyàn ní, tó ń lò lọ́dọọdún, tí iyì rẹ̀ sì ń dín kù lọ́dọọdún?"

Ìyá Àgbà ò tiẹ̀ rò ó. Ó ní, "Ọkọ ni."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wí i. N kì í yí ọ̀rọ̀ àgbà padà. Ojú wọn kan dúró lórí kọ̀ǹpútà, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló lọ. Àṣé ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mọ́ra. Obìnrin apá òsì kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, bàbá onírùngbọ̀n tẹ̀ lé e, ó ń fi ọwọ́ nu ojú.

Bàbá Mofẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni, ó wá sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ìyàwó mi ló ń kàwé. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn nínú gbogbo wa. Tábìlì ni mo mọ̀. Mo wá di tábìlì mú."

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Wọ́n ní ká dúró. Wọ́n lọ wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a dúró síbẹ̀, a ò lè jókòó. Nígbà tí wọ́n padà dé, bàbá onírùngbọ̀n to ìwé rẹ̀ dáadáa.

"Madam Àjàdí, a wò ó délẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fún yín ní ìdáhùn kankan. Wọ́n tiẹ̀ dí yín lọ́wọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà lẹ sì gba ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gba dìgírì yín, mà. Ẹ kú oríire."

 Ìyá Mofẹ́ kó ọwọ́ lérí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó wá gbé e sókè pé kí òun fi lu àyà, kí òun ní "Èmi Wúràọlá!" Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì débẹ̀ tí Sìdí ti lu tirẹ̀, gbì! Ìyá Àgbà lu tirẹ̀, gbì! Bàbá Mofẹ́ lu tirẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi lu tèmi, mo fẹ́ẹ̀ ṣubú. "A yege! A yege! A ti gba dìgírì!" À ń lu àyà, yàrá ń mì tìtì.

Ohùn bàbá onírùngbọ̀n jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rù ti bà á: "Madam Àjàdí, ariwo kí nìyẹn?"

Ìyá Mofẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó ní, "Ọwọ́ mẹ́fà yẹn náà ni, sà. Wọ́n ń sọ̀yà."

Bí àwọn àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwe náà nìyẹn. Àwọn àgbà wo? Èmi àti Ìyá Àgbà ni, àbí a ò tíì dàgbà tó? Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ fi ọwọ́ tirẹ̀ nìkan fẹ́ abẹ̀bẹ̀, kó fi bu omi, kó fi di tábìlì mú, kó fi mú adìẹ, kó sì tún fi kọ ìdánwò òyìnbó. Kó wá padà wá bá mi níbí, kó wá sọ ọ́ lójú mi pé kì í ṣe àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.