Máṣìnì Pupa Tí Mo Gùn Lọ sí Òkè Mápó

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn ó fi gbé mi wọ sàréè. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo gun máṣìnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ sí òkè Mápó, mo sì fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo ará Bẹẹrẹ.

Kí ẹ tó máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Bẹ́yẹrúnkà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé, ṣùgbọ́n inú igbó ni mo ti ń jẹun. Oyin ni mò ń sìn. Inú igbó tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni àwọn àpótí oyin mi wà, ọkọ̀ kì í débẹ̀. Gbòǹgbò igi, òkúta àti ẹrẹ̀ ló kún ọ̀nà náà. Alùpùpù tí mò ń gùn tẹ́lẹ̀ gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, odindi kẹ́ẹ̀gì oyin kan ló dà sí mi lára. Àwọn èèrà tó bá mi délé lọ́jọ́ náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ṣìfáwù ìyàwó mi ní òun ò ní di opó nítorí oyin.

Orí fóònù ni mo ti rí òyìnbó kan tó gun máṣìnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin la inú igbó kọjá, tó ń gun igi tó wó bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ń yí, kì í ṣe ti ẹ̀yìn nìkan, òun ni ẹrẹ̀ kì í fi í mú un. Mo ní ó parí. Tuntun kọjá agbára mi, mo máa wá tòkunbọ̀ tí apá mi ká.

Ṣìfáwù ní, "Ẹ mú Àlàájà Múníra dání lọ o."

Àlàájà yìí ló ń tún máṣìnì àti jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Bẹẹrẹ, nísàlẹ̀ òkè Mápó. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Híjáàbù kì í kúrò lórí rẹ̀, ọ́ìlì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti fojú mi rí i tó dẹtí sí ẹ́ńjìnì, tó sì sọ ohun tó ń ṣe é láì tú nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́. Èmi tí mo ti ń gun máṣìnì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kí ìyá àgbà wá bá mi yan máṣìnì! Mo kàn yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n lè sọ nílé pé mo yà ni.

"Ṣé kí n bá ọ lọ?" ló bi mí.

"Ẹ má ṣèyọnu, Àlàájà. Mo mojú ẹ̀."

"Ó dáa. Kí wọ́n tó ṣíná rẹ̀, fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Tó bá ti gbóná kí o tó dé, wọ́n ti jí i sílẹ̀ dè ọ́ nìyẹn. Bi wọ́n léèrè ìdí."

Mo gbọ́, n kò gbà.

Agbàlá kan lẹ́yìn ọjà Òjé ni mo ti bá Sẹ̀míù, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn tó ń ta irú máṣìnì náà. Méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan pupa fòò, ó ń dán, iná mẹ́fà ló wà níwájú rẹ̀. Èkejì dúró sí kọ̀rọ̀ lábẹ́ àtíbàbà bí ẹni tí wọ́n lé nílé, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ìjókòó rẹ̀ ti ya. N kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Sẹ̀míù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gun pupa yìí ná. Háà! Ẹ wo bó ṣe yẹ yín!"

Orí mi wú. Bí mo ṣe jókòó báyìí ni ẹ́ńjìnì jó mi lẹ́sẹ̀. Ó ti gbóná! Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ló pa á. Abẹ́ àtíbàbà ni òun náà wà o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Sẹ̀míù ní kí n gùn ún yí agbàlá ká kí n tó sanwó. Agbàlá kẹ̀? Ta ni yóò rí mi níbẹ̀? Mo já sí títì. Láti Òjé dé Bẹẹrẹ, àwọn èèyàn ń yọjú, mò ń juwọ́ sí wọn. Nígbà tí mo rí òkè Mápó, mo ní bó bá lè gun èyí, kò sí ohun tí kò ní gùn nínú igbó.

Ó gùn ún dé ìdajì. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó kú. Mo tẹ bíréèkì, ó wọlé bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀bà. Ni máṣìnì bá ń fà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá, kò dúró gbọ́ tẹnu mi mọ́.

"Ẹ yà o! Ẹ yà lọ́nà!"

Ọlọ́kọ̀ Màrúwá kan sáré yà, ó kígbe pé, "Ọ̀gá, iwájú lẹ kọjú sí, ẹ̀yìn lẹ ń lọ!"

"Mo mọ̀!" ni mo dá a lóhùn. Kí ni n bá tún sọ?

Ọlọ́run ló ṣe é tí ẹnì kan ń ta bẹ́ẹ̀dì tìmùtìmù nísàlẹ̀ ibẹ̀, tó tò wọ́n jọ ga bí ilé. Àárín wọn ni mo wọ̀, gbìì! Gbogbo wọn wó lé mi lórí. Nínú òkùnkùn náà ni mo ti ń gbọ́ ohùn.

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀dì ya."

Ẹni tó wá gbé bẹ́ẹ̀dì tó kẹ́yìn kúrò lójú mi ni Àlàájà Múníra.

"Ṣé ibì kan ń dùn ọ́?"

"Rárá, Àlàájà."

"Ó gbóná kí o tó gùn ún, àbí?"

"Ó gbóná."

Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Ó bá mi bẹ oníbẹ́ẹ̀dì, ó bá mi tò wọ́n padà. A dúpẹ́ pé ọ̀kan ò ya. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ ti máṣìnì pupa. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì náà rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ó ní omi ti wọ inú ẹ́ńjìnì. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó mi orí.

"Irin tó ń gbé agbára lọ sẹ́sẹ̀ iwájú, wọ́n ti yọ ọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni lóòótọ́, àmọ́ méjì ló ń ṣiṣẹ́, méjì kàn ń bá wọn jẹun ni."

Èmi ni mo ti máṣìnì náà padà sí Òjé. Àlàájà ń lọ níwájú, ó ń kí àwọn èèyàn.

Nígbà tí a débẹ̀, Sẹ̀míù fẹ́ máa rojọ́. Àlàájà gbé ìka kan sókè dá a dúró. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ èyí tó wà ní kọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnì: ó tutù. Ó wo ọ́ìlì: ó mọ́. Ó di táyà kọ̀ọ̀kan mú, ó mì í, kò sí èyí tó ń yẹ̀. Ó fi ìka tọ́ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀ rí, ó sì béèrè ìwé rẹ̀. Ó ní kí a gbé e lé orí igi kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀, ó wá ṣíná rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣí i kó tó jẹ́. Nígbà tó jẹ́, ohùn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń yí. Omi bọ́ lójú mi díẹ̀.

Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kòtò ẹrẹ̀ kan wà lẹ́yìn agbàlá níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ká jalàbíà rẹ̀ sókè, ó gun máṣìnì, ó wọ kòtò lọ. Àárín ẹrẹ̀ gan-an ló ti mọ̀ọ́mọ̀ dúró, ó sinmi, ó wá gùn ún jáde wẹ́rẹ́. Sẹ̀míù fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Ìjókòó rẹ̀ ti ya o, Àlàájà," ni mo wí, kí n ṣáà lè sọ nǹkan.

"Ìjókòó kọ́ ló ń fa máṣìnì."

Owó rẹ̀ ò tó ti pupa rárá. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gbé mi wọ igbó, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, èèrà ò sì tẹ̀ lé mi wálé mọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi í ru oyin jáde, mo gbé ìgò kan lọ fún Àlàájà. Mo bi í pé, "Àlàájà, ta ló kọ́ yín níṣẹ́ tó báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Máṣìnì tí mo kọ́kọ́ rà láyé mi, ọjọ́ tí mo rà á gan-an ni mo tì í la àdúgbò Oníyanrìn kọjá pẹ̀lú léèsì funfun lọ́rùn. Ìtìjú ló kọ́ mi, àbúrò. Ìwọ náà ti wọ ilé ìwé náà báyìí."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn: tí ẹni tó mọ nǹkan bá ní òun ó bá ọ lọ, gbé bàtà rẹ̀ fún un, kí ẹ jọ máa lọ. Mo rò pé mo ti gbọ́n tán. Àlàájà tọ́ oyin wò, ó ní ó dùn. Ó wá wo bàtà igbó tuntun tí mo wọ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti lanu sílẹ̀ níwájú.

"Ta ló bá ọ yan bàtà yìí?"

"Èmi fúnra mi ni, Àlàájà."

"Ó hàn," ló wí.

Èmi náà wo bàtà náà, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo bú sẹ́rìn-ín.