Ìdánwò Kí Bàbá Àgbà Tó Wọ Rélùwéè

Òwúrọ̀ Sátidé ni, ní pálọ̀ Olúwakáyọ̀dé ní Lugbe. Bàbá Adéyẹmọ, baba tó bí Káyọ̀dé, ti wọ agbádá funfun tí sítáàṣì mú le débi pé eṣinṣin tó bà lé e yọ̀ ṣubú. Idu ló ń lọ, kó wọ rélùwéè dé Kàdúná, kó lọ kí opó kan tó ń jẹ́ Mùfúlíátù. Ṣùgbọ́n kí Káyọ̀dé tó jáde nílé ló ti pàṣẹ: baba òun kò gbọdọ̀ kọjá géètì àfi tí Kíkẹ́olúwa, ọmọ òun tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ tó ń tọ́jú àgbàlagbà, bá kọ́kọ́ dán ọpọlọ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kọ́kọ́rọ́ géètì wà lápò Kíkẹ́olúwa.

"Bàbá àgbà, ẹ jókòó. Kò ní pẹ́."

"Rélùwéè kì í dúró de baba ẹnikẹ́ni. Ọpọlọ wo lo fẹ́ dán wò? Ọpọlọ tí gbogbo mínísírì ń yá lò? Tí wọ́n bá mú iná lọ lọ́fíìsì wa nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba, orí mi ni wọ́n máa ń tàn!"

"Mo ti gbọ́, sà. Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Bàbá Adéyẹmọ wo àjà. "Wọ́n pọ̀."

"Mélòó?"

"Wọ́n kúnlé."

"Nọ́ḿbà ni mò ń bèèrè, Bàbá àgbà."

"Ṣé ewúrẹ́ ni mo sìn ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!"

Kíkẹ́olúwa mí kanlẹ̀, ó tẹ nǹkan sórí fóònù.

"Kí lo tẹ̀ síbẹ̀?"

"Pé ẹ ti gbàgbé iye ọmọ yín."

"Kai! Bàbá rẹ wà nínú wọn. Mi ò gbàgbé òun, bó tilẹ̀ wù mí lónìí."

"Ó dáa. Ẹ fi ọwọ́ òsì júwe ọ̀nà ìlú yín fún mi. Ìyẹn á jẹ́ ká mọ̀ bóyá ẹ mọ ọ̀nà, ká sì mọ̀ bóyá apá òsì yín dá ṣáṣá."

Bàbá Adéyẹmọ yára ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ agbádá, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ jí i. "Kí n fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba mi? Baba mi á jí, á gbá mi létí, á tún padà sùn."

"Jésù! Ọwọ́ òsì kò gbéra! Bàbá àgbà, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ o!"

"Rọpá kí ni? Ó ń ṣiṣẹ́. Ilé ìyàgbẹ́ niṣẹ́ rẹ̀ wà. Ṣé kó wá ṣe é lójú rẹ ni?"

"Rárá o, sà!" Ó bo imú, ó tún tẹ fóònù. "Ó ku ẹsẹ̀. Ẹ dìde, ẹ rìn dé ìdí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ padà wá jókòó."

"Kí ni kí n mú bọ̀?"

"Ẹ má mú nǹkan kan bọ̀."

"Ta ni mo fẹ́ lọ kí níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Pé kí n dìde láìnídìí, kí n lọ síbi tí kò sẹ́nìkan, kí n padà lọ́wọ́ òfo. Kíkẹ́, tí wọ́n bá rí àgbàlagbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú títì, kí ni wọ́n ń pè é?"

Kíkẹ́olúwa ronú. "Wèrè."

"O ṣeun. Tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé mo mọ ìyẹn."

Ojú ọmọ náà rọ̀. "Bàbá àgbà, ẹ̀rù ń bà mí. Tí ẹ bá ṣubú ní Idu ńkọ́? Tí ẹ bá sọ̀ síbi tí kì í ṣe Kàdúná ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, màá pe Dádì pé ẹ ò lè lọ mọ́."

Kó tó gbé fóònù sétí, fóònù ti wà lọ́wọ́ Bàbá Adéyẹmọ. Ó fo àpótí ìtìsẹ̀, ó yí tábìlì po, ó gun àtẹ̀gùn, agbádá ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbòkun. Eruku tó sọ, wọ́n ṣì ń gbá a ní ìlú Kwali lọ́hùn-ún. Kíkẹ́olúwa sáré tẹ̀lé e dé àárín àtẹ̀gùn, ó jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ... ẹ dúró... ẹsẹ̀ ti yege!"

"Ọpọlọ ńkọ́?"

"Ẹ sọ ọ̀nà ilé ìyá yẹn fún mi ná."

"Tí mo bá sọ̀, màá yà sọ́tùn-ún, màá gba ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí, ó di ilé aláwọ̀ ewé. Ajá ibẹ̀ kì í gé ẹni jẹ, àlejò ló ń bẹ̀rù. Mùfúlíátù fẹ́ràn ẹ̀wà. Kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ìyá."

"Ẹ yege, sà." Kíkẹ́olúwa na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì mú báàgì tirẹ̀. "Ṣùgbọ́n a jọ ń lọ ni."

Inú Bàbá Adéyẹmọ bàjẹ́ díẹ̀. Ó wo géètì, ó wo ọmọ.

"Kò burú. Ṣùgbọ́n tí a bá débẹ̀, o ò gbọdọ̀ pè mí ní bàbá àgbà o. Mo ti sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi ni Káyọ̀dé."